Ta ló ń sọ̀rọ̀ gbèsè yín lẹ́yìn? Àlàyé lórí ìwé ìtàn gbèsè

Ọkùnrin kan lọ yá owó ní báńkì. Iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ, owó oṣù rẹ̀ ń wọlé déédéé, kò sì rántí pé òun jẹ ẹnikẹ́ni. Akọ̀wé báńkì tẹ orúkọ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà, kò ní ṣeé ṣe." Ọkùnrin náà béèrè ìdí. Wọ́n ní credit report rẹ̀ ni kò dára. Ó dìde, ó jáde, ohun kan ṣoṣo ló sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: ta ló lọ sọ̀rọ̀ òun lẹ́yìn?

Ọ̀rọ̀ yìí ti dojú rú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́. Àwọn kan gbà pé báńkì tó kọ̀ fún wọn ló kọ ìwé náà. Àwọn kan ní bí owó bá ti wà ní àkáǹtì, ìwé yóò dára. Àwọn mìíràn ń sá fún un bí ẹni ń sá fún ejò, torí wọ́n gbọ́ pé bí èèyàn bá ti lè wò ó báyìí, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í ṣòótọ́. Ìbéèrè ọkùnrin yẹn ló tọ́, torí ẹnì kan sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn lóòótọ́. Ẹ jẹ́ ká wá onítọ̀hún lọ.

Kí ni ìwé ìtàn gbèsè?

Ìwé ìtàn gbèsè ni àkọsílẹ̀ bí ẹnì kan ṣe ń yá owó àti bó ṣe ń san án padà. Òun ni Òyìnbó ń pè ní credit report. Ẹni mẹ́ta ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yin tí ẹ yá owó tàbí tí ẹ ra ọjà láwìn ni àkọ́kọ́. Ayánilówó ni èkejì: báńkì, ilé-iṣẹ́ tó fún yín ní káàdì àwìn, ẹni tó ta mọ́tò fún yín pé kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹkẹta ni ilé-iṣẹ́ tí mo máa pè ní akọ̀tàn, torí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn ayánilówó, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì tà á fún ayánilówó mìíràn tó bá fẹ́ mọ̀.

Bí ẹnì kan bá fẹ́ gba yàrá, onílé tuntun lè wá onílé àtijọ́ lọ, kó bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́, irú èèyàn wo ni? Ṣé ó máa ń sanwó lásìkò?" Akọ̀tàn ni ẹni tó ti lọ bá gbogbo onílé àtijọ́ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè, tó ti kọ èsì wọn sínú ìwé, tó sì jókòó tì í. Kò yá yín lówó. Òun kọ́ ló sì kọ̀ fún yín. Ayánilówó ló ka ìwé, ayánilówó náà ló pinnu.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú gbogbo èyí ni pé akọ̀tàn kò mọ̀ yín rí. Ohun tí wọ́n bá sọ fún un ló ń kọ. Bí wọ́n bá sọ ọ́ ní tààrà, á kọ ọ́ ní tààrà. Bí wọ́n bá ṣì í sọ, á ṣì í kọ. Ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo ló lè ka ìwé náà tí yóò mọ̀ pé irọ́ ni èyí: ẹni tí wọ́n kọ ọ́ nípa rẹ̀.

Ẹ má rò pé kọ̀ǹpútà ló bí iṣẹ́ yìí. Ní 1899, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Cator àti Guy Woolford, dá Retail Credit Company sílẹ̀ ní Atlanta, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń kó orúkọ àwọn oníbàárà jọ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà, wọ́n sì ń kọ ọ́ síwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan bóyá onítọ̀hún ń tètè san, bóyá ó ń fà á nílẹ̀, tàbí bóyá owó ọwọ́ ni kí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó ṣe, òfófó wọnú ìwé wọn: bí èèyàn ṣe ń mutí, bí ilé rẹ̀ ṣe rí, irú ìgbésí ayé tó ń gbé. Ariwo tó jáde lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó bí òfin kan ní Amẹ́ríkà ní 1970, Fair Credit Reporting Act, tó fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀, kó sì jiyàn rẹ̀. Ní 1975 ni ilé-iṣẹ́ àwọn Woolford yí orúkọ padà sí Equifax. Òun, Experian àti TransUnion ni òléwájú lónìí, iṣẹ́ wọn sì ti kọjá Amẹ́ríkà. Jámánì ní Schufa, tó ti wà láti 1927. Òfin ilẹ̀ kan yàtọ̀ sí ti ìkejì, nítorí náà mo máa sọ ilẹ̀ tí mo ti mú àpẹẹrẹ wá.

Kí ló wà nínú rẹ̀ gan-an?

Ojú ìwé àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹni: orúkọ, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà ìdánimọ̀, àdírẹ́sì ìsinsìnyí àti ti àtẹ̀yìnwá. Ọ̀pọ̀ máa ń fò ó kọjá. Èmi kì í fò ó, torí ibẹ̀ ni wàhálà máa ń kọ́kọ́ fẹsẹ̀ sí. Àdírẹ́sì tí ẹ kò gbé rí lè jẹ́ àṣìkọ lásán. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan ti ń fi orúkọ yín gba nǹkan níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn gbèsè fúnra wọn. Ẹ jẹ́ ká wo ìlà kan péré. Orúkọ ayánilówó ló máa ṣáájú, lẹ́yìn rẹ̀ nọ́ńbà àkáǹtì tí wọ́n ti bo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, iye tí wọ́n yá yín, iye tó kù. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn àpótí kéékèèké tó tò bíi kàlẹ́ńdà wà, ẹyọ kan fún oṣù kan. Oṣù tí ẹ san án lásìkò, wọ́n á kọ OK tàbí kí wọ́n fàmì sí i. Oṣù tí ẹ kò san, nọ́ńbà ló máa jókòó síbẹ̀: 30, 60, 90. Iye owó kọ́ ni nọ́ńbà yẹn o. Iye ọjọ́ tí owó fi pẹ́ ni. Ẹni tó bá rí 90 nínú àpótí, oṣù mẹ́ta ti kọjá lórí owó yẹn.

Ní Amẹ́ríkà, ayánilówó kì í sábà fi ẹjọ́ yín sun akọ̀tàn títí owó yóò fi pẹ́ tó ọjọ́ 30. Ẹni tó fi ọjọ́ márùn-ún pẹ́ lè san owó ìtanràn fún ayánilówó, àmọ́ àpótí oṣù yẹn kò ní dọ̀tí. Mo rí àwọn tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti gbàgbé ọjọ́ ìsanwó báyìí, wọ́n á ní ó ti bàjẹ́ ná, wọ́n á wá jókòó ti owó náà di oṣù tó ń bọ̀. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn sọ ohun tí kò ní hàn di ohun tó hàn.

Gbèsè tí ayánilówó bá ti sú, tó tà fún àwọn agbowó-gbèsè, yóò ní ìlà tirẹ̀. Àwọn yẹn ló ń fi lẹ́tà àti tẹlifóònù dógò ti èèyàn lóde òní. Ẹni tó wọko gbèsè débi pé ó lọ kéde rẹ̀ nílé ẹjọ́, wọ́n á kọ ìyẹn náà. Ní ìparí ni orúkọ gbogbo ẹni tó wá wo ìwé náà.

Ẹ̀yáwó tí ẹ bá ẹlòmíràn tọwọ́ bọ̀wé fún náà lè wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ onídùúró rò pé ẹlẹ́rìí lásán làwọn. Ní ojú ìwé yìí, ẹni tó bá báni fọwọ́ sí gbèsè pé òun yóò san án bí onígbèsè kò bá san, òun náà ti di onígbèsè. Bí ẹni tó gba owó bá pẹ́ sanwó, 30 tó máa wọ àpótí tirẹ̀ lè wọ tiyín náà, ó sì lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa pè yín kó tó wọ̀ ọ́.

Ohun tí kò sí níbẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Nínú ìwé ti Amẹ́ríkà, ẹ kò ní rí iye owó oṣù yín, ẹ kò ní rí iye tó wà ní báńkì, ẹ kò ní rí ẹ̀sìn tàbí àwọ̀ ara. Ohun tó fà á nìyí tí olówó fi lè ní ìwé játijàti, tí ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò tó nǹkan sì ní èyí tó ń dán. Ìwé náà kò béèrè bí ẹ ṣe lówó tó. Ó ń béèrè bóyá ẹ dá a padà nígbà tí ẹ ní ẹ máa dá a padà.

Ibì kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé kìkì ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ń kọ. Ní Faransé, Banque de France, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ náà, ló ń tọ́jú orúkọ àwọn tí kò san ẹ̀yáwó wọn bó ṣe yẹ. Ẹni tó ń san tirẹ̀ dáadáa, kò sẹ́ni tó ń kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Ní Ọsirélíà, ọdún 2014 ni àyè tó wá ṣí sílẹ̀ fún àwọn ayánilówó láti máa sọ rere àwọn oníbàárà pẹ̀lú búburú wọn.

Máàkì wá ńkọ́?

Ibí ni ìdàrúdàpọ̀ pọ̀ sí jù. Ìwé ìtàn gbèsè yàtọ̀, máàkì tí wọ́n ń pè ní credit score yàtọ̀. Ìwé dà bí ìwé ìdánwò tí ọmọ iléèwé kọ. Máàkì ni nọ́ńbà tí tíṣà fi bírò pupa kọ sókè rẹ̀. Tíṣà méjì lè máàkì ìwé kan náà kí èsì wọn má dọ́gba. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "máàkì mi jẹ́ báyìí," ó yẹ ká bi í pé ti tíṣà wo.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù ní Amẹ́ríkà ni FICO, tí orúkọ rẹ̀ wá láti ara ilé-iṣẹ́ tí Bill Fair àti Earl Isaac dá sílẹ̀ ní 1956. Ọdún 1989 ni máàkì FICO tí gbogbo ayánilówó lè lò jáde. Ó ń lọ láti 300 dé 850. Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti sọ bí òun ṣe ń pín in: 35 nínú ọgọ́rùn-ún fún bí ẹ ṣe ń sanwó lásìkò, 30 fún bí gbèsè yín ṣe tó, 15 fún bó ti pẹ́ tó tí ẹ ti ń yá owó, 10 fún àwọn gbèsè tuntun, 10 fún oríṣiríṣi ẹ̀yáwó tí ẹ ní. Ẹni tó bá ń sanwó lásìkò, tí kò sì jẹ gbèsè kún ọrùn, ó ti mú ohun tó ju ìdajì lọ nínú rẹ̀. Àwọn yòókù, mi ò rò pé ó yẹ kí èèyàn torí wọn pàdánù oorun.

Àmọ́ 30 yẹn ní ẹ̀tàn kan nínú. Ká ní òdiwọ̀n káàdì àwìn yín jẹ́ 1,000, ẹ sì ń ná 900 lóṣooṣù, ẹ sì ń san gbogbo rẹ̀ kó tó di ọjọ́ ìsanwó. Lójú yín, ẹ kò jẹ gbèsè. Lójú akọ̀tàn, ẹ ti ná 900 nínú 1,000, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ́ isàlẹ̀ ìkòkò. Báwo? Ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ káàdì bá pa ìwé owó oṣù dé ló sábà máa ń ránṣẹ́ sí akọ̀tàn, ọjọ́ yẹn sì ń ṣáájú ọjọ́ tí ẹ máa ń sanwó ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ti ya àwòrán gbèsè náà kí ẹ tó san án ni. Ẹni tó bá fẹ́ yá owó ńlá láìpẹ́ lè san apá kan kí wọ́n tó pa ìwé oṣù náà dé. Ohun tí akọ̀tàn máa rí ni èyí tó kù. Bí oṣù tó tẹ̀ lé e bá kéré, ti àtijọ́ kì í pẹ́ pòórá nínú máàkì.

Báwo ni àbàwọ́n ṣe ń pẹ́ tó?

Ní Amẹ́ríkà, ìpẹ́sanwó àti gbèsè tó dé ọ̀dọ̀ agbowó-gbèsè lè wà níbẹ̀ fún ọdún 7. Ìkéde nílé ẹjọ́ pé gbèsè ti borí ẹni lè pẹ́ tó ọdún 10. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 6 ni. Gbèsè tí ẹ bá wá san kì í parẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ san án. Wọ́n á yí àkọlé rẹ̀ padà sí pé wọ́n ti san án, ìtàn pé ó pẹ́ yóò sì wà níbẹ̀ títí àkókò rẹ̀ yóò fi pé. Ó ń dun àwọn èèyàn, ó sì yẹ kó dùn wọ́n, ṣùgbọ́n ìlà "ó jẹ, ó san" dára ju "ó jẹ, kò san" lọ lójú ẹnikẹ́ni tó bá ń kà á.

Bí mo bá wo ìwé mi, ṣé yóò bàjẹ́?

Rárá. Ẹ wò ó ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, kò ṣe é ní nǹkan kan.

Ohun tó bí àṣìgbọ́ yìí ni pé ìwò méjì ló wà. Bí ẹ bá lọ tọrọ ẹ̀yáwó, tí ayánilówó wá wo ìwé yín kó tó pinnu, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, ó sì lè gé máàkì yín díẹ̀. Ẹni tó bá tọrọ owó níbi mẹ́fà lóṣù kan, ó dà bí ẹni tí ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá wò ó, tàbí tí ilé-iṣẹ́ kan yọjú wò ó kó lè kọ lẹ́tà ìpolówó sí yín, ìyẹn kì í kan máàkì. Kódà bí ẹ bá ń wá ẹ̀yáwó ilé tàbí ti mọ́tò, tí ẹ ń bi ayánilówó mẹ́ta mẹ́rin léèrè èlé wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni FICO ń ka gbogbo rẹ̀ sí.

Ọ̀fẹ́ sì ni. Ní Amẹ́ríkà, àwọn akọ̀tàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń fi ìwé hàn lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní AnnualCreditReport.com; ìgbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì sọ ní 2023 pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó díẹ̀ tí wọ́n máa ń gbà ti dópin láti oṣù karùn-ún 2018. Ẹ ṣọ́ra fún ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì tó bá ní ọ̀fẹ́ ni, tó tún ń béèrè nọ́ńbà káàdì yín.

Bí irọ́ bá wà níbẹ̀ ńkọ́?

Ó wà níbẹ̀ ju bí ẹ ti rò lọ. Ní 2013, Federal Trade Commission, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo oníbàárà, gbé ìwádìí kan jáde: nínú èèyàn márùn-ún, ẹnì kan ní àṣìṣe nínú ó kéré tán ọ̀kan lára ìwé mẹ́ta tí wọ́n kọ nípa rẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún, bí márùn-ún ni àṣìṣe tiwọn tóbi débi pé ó lè mú kí èlé tí wọ́n máa san lé sí i.

Ẹ gbọ́ ti ọkùnrin kan ní California. Ní 2011, òun, ìyàwó rẹ̀ àti bàbá ìyàwó rẹ̀ lọ ra mọ́tò. Ẹni tó ń ta mọ́tò wo ìwé tó gbà wá láti ọ̀dọ̀ TransUnion, ó ní òun kò lè tà fún un, orúkọ rẹ̀ wà lórí àkọsílẹ̀ àwọn agbésùnmọ̀mí. Lójú àna rẹ̀! Ìyàwó ló fi orúkọ ara rẹ̀ ra mọ́tò náà. Kí ló ṣẹlẹ̀? Nígbà náà, TransUnion ń fi orúkọ àwọn èèyàn wé àkọsílẹ̀ ìjọba, àmọ́ orúkọ àkọ́kọ́ àti orúkọ ìdílé nìkan ló ń wò. Kò wo ọjọ́ ìbí. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ èèyàn ó lé, 8,185, ni irú àmì bẹ́ẹ̀ wà lára ìwé wọn nígbà tí ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní 2021. Ilé ẹjọ́ náà ní 1,853 péré, àwọn tí wọ́n ti fi ìwé wọn ránṣẹ́ síta, ló lè gba owó ìtanràn lórí ọ̀rọ̀ àmì náà. Ti àwọn yòókù, irọ́ ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀, kò tíì ṣe wọ́n léṣe. Èmi kò fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n adájọ́ kọ́ ni mí.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ò kéré. Bàbá àti ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà nínú ilé kan náà máa ń gba gbèsè ara wọn láìmọ̀. Ẹni tó ń kọ orúkọ rẹ̀ ní ọ̀nà méjì, lónìí pẹ̀lú orúkọ àárín, lọ́la láìsí i, lè rí ìtàn rẹ̀ tó pín sí méjì.

Tèmi kéré sí ìyẹn. Mo san gbèsè kan tán, mo gba ìwé ẹ̀rí, mo gbàgbé rẹ̀. Ọdún kan àti ààbọ̀ lẹ́yìn náà ni mo wo ìwé mi, gbèsè náà ṣì dúró gbọnin bí ẹni tí kò gbọ́ pé ogun ti parí. Mo kọ lẹ́tà sí akọ̀tàn, mo fi ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí há a, mo sì kọ òmíràn sí ayánilówó. Àwọn tó jẹ́ pé akọ̀tàn nìkan ni wọ́n ń kọ̀wé sí, ojú wọn máa ń rí nǹkan: akọ̀tàn á pa á rẹ́, ayánilówó tí kò tún ìwé tirẹ̀ ṣe á tún fi àṣìṣe kan náà ránṣẹ́ ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Tèmi gba lẹ́tà mẹ́ta kó tó yanjú. Ẹ̀dà ni kí ẹ máa fi ránṣẹ́ o, ẹ fi ojúlówó pamọ́.

Ní Amẹ́ríkà, akọ̀tàn ní ọjọ́ 30 láti wádìí ẹ̀sùn yín, nígbà mìíràn 45. Ohun tí wọn kò bá lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́ tàbí kí wọ́n tún un ṣe. Bí wọ́n bá ní òótọ́ ni, tí ẹ sì mọ̀ pé irọ́ ni, ẹ lè ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ tiyín sínú ìwé náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó lè tó 200 ọ̀rọ̀. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni ń bá adájọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Bí olè bá fi orúkọ yín yá owó ńkọ́?

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Olè tó bá ní orúkọ yín, ọjọ́ ìbí yín àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín lè ṣí káàdì, kó náwó, kó sì yí padà. Ẹ̀yin ni wọ́n á máa lé kiri, ẹ̀yin ni wọ́n á ní kí ẹ wá fẹ̀rí hàn pé ẹ̀yin kọ́.

Ọ̀dọ̀ akọ̀tàn fúnra rẹ̀ ni àwọn nǹkan yẹn ti lè jáde. Láàárín oṣù karùn-ún àti oṣù keje 2017, àwọn olè wọnú kọ̀ǹpútà Equifax láti ojú ihò kan nínú irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Apache Struts. Láti oṣù kẹta ni oògùn ihò náà ti wà níta. Wọn kò lò ó síbi tó yẹ. Nǹkan bí mílíọ̀nù 147 èèyàn ni ìròyìn wọn jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bá Equifax dòwò pọ̀ rí láyé wọn. Àwọn ayánilówó ló kó orúkọ wọn lọ síbẹ̀.

Ohun tó gbéṣẹ́ jù tí mo mọ̀ ni kí èèyàn ti ìwé rẹ̀ pa. Bí ẹ bá ní kí akọ̀tàn tì í, ayánilówó tuntun kò ní lè rí i, ayánilówó tí kò bá sì rí ìwé kì í sábà yáni lówó. Olè á kan ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn kò ní ṣí. Láti ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án 2018 ni ó ti di ọ̀fẹ́ jákèjádò Amẹ́ríkà. Bí ẹ bá béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí tẹlifóònù, wọ́n gbọ́dọ̀ tì í láàárín ọjọ́ iṣẹ́ kan, kí wọ́n sì ṣí i láàárín wákàtí kan nígbà tí ẹ̀yin fúnra yín bá fẹ́ yá owó. Kì í dín máàkì kù. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ tì í lọ́dọ̀ akọ̀tàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn méjì nínú mẹ́ta, olè á gba ẹ̀kẹta wọlé. Kì í sì í dá olè tó ti ní nọ́ńbà káàdì yín lọ́wọ́ dúró, torí ìyẹn ti wà nínú ilé.

Èyí tó rọ̀ díẹ̀ ni àmì ìkìlọ̀. Ẹ sọ fún akọ̀tàn kan, ó gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn méjì yòókù, ó sì ń wà níbẹ̀ fún ọdún kan: ayánilówó tó bá rí i ní láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ wà níwájú òun.

Àwọn tó ní àwọn lè fọ ìwé mọ́ ńkọ́?

Ẹni tó bá ní òun máa yọ gbèsè tòótọ́ kúrò nínú ìwé yín, tó sì ní kí ẹ sanwó ṣáájú, ẹ yáa sá. Òfin Amẹ́ríkà ti 1996 kọ̀ pé kí irú wọn gbowó kí wọ́n tó ṣiṣẹ́. Èyí tó jẹ́ àṣìṣe, ẹ lè tún un ṣe fúnra yín lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tó jẹ́ òótọ́, ọjọ́ ló ń pa á rẹ́.

Bí kò bá sí ìtàn kankan rárá?

Ẹni tí kò yá owó rí kì í ní ìwé tó dára. Kì í ní ìwé rárá ni, ayánilówó sì máa ń bẹ̀rù ẹni tí kò mọ ìtàn rẹ̀. Bó ṣe ń rí fún ẹni tó ṣí lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn náà nìyẹn: ogún ọdún tó fi sanwó lásìkò níbi tó ti wá, ó sábà máa ń dúró síbi tó ti wá. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà bẹ̀rẹ̀ ni káàdì tí èèyàn kọ́kọ́ fi owó ara rẹ̀ ṣe ìdúró fún. Ẹ fi owó díẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á fún yín ní káàdì tí òdiwọ̀n rẹ̀ kò ju owó yẹn lọ. Ẹ ra nǹkan kékeré, ẹ san án, àpótí àkọ́kọ́ á gba OK. Kí ẹ tó gba káàdì náà, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń ránṣẹ́ sí akọ̀tàn, torí bí wọn kò bá ránṣẹ́, lásán lẹ ń sanwó.

Kí ni kí ẹni tí wọ́n kọ̀ fún ṣe?

Ọkùnrin tí wọ́n dá padà ní báńkì yẹn kò mọ̀ pé òun ní ẹ̀tọ́ kan sí i. Bí ó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ni, ayánilówó tó torí ìwé ìtàn gbèsè kọ̀ fún èèyàn gbọ́dọ̀ sọ orúkọ akọ̀tàn tó ti gba ìwé náà, onítọ̀hún sì ní ọjọ́ 60 láti gba ẹ̀dà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ akọ̀tàn yẹn, irú èyí tó wà níwájú akọ̀wé báńkì.

Ká ní ó padà lọ, ó béèrè orúkọ, ìwé sì dé. Àwọn àpótí tirẹ̀ mọ́ tónítóní láti òkè délẹ̀: OK, OK, OK. Ó wá ṣí ojú ìwé kejì. Ẹ̀yáwó mọ́tò kan wà níbẹ̀ tí kò rántí mọ́, èyí tó bá àbúrò rẹ̀ fọwọ́ sí ní ọdún méjì sẹ́yìn. Nínú àpótí oṣù tó kọjá, wọ́n kọ 90 síbẹ̀.